Ìwé ìjọba ń pòórá lórí ayélujára: kí la lè jọ ṣe nílé ìkàwé?

Ajíkàwé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ilé ìkàwé. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan wọlé tọ̀ mí wá. Ó di bébà kan mọ́wọ́, ó ti fi bírò kọ àdírẹ́sì ìkànnì kan sí i, ó ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kó má bàa ṣì í tẹ̀. Ìjábọ̀ àyẹ̀wò omi ló ń wá, èyí tí ilé iṣẹ́ ìjọba kan gbé jáde nípa omi tí wọ́n ń fà wọ àdúgbò rẹ̀. Ó ní òun kà á ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, pé tábìlì kan wà níbẹ̀ tó sọ ìwọ̀n òjé tí wọ́n bá nínú omi náà. Ó fẹ́ mú un lọ sípàdé àwọn òbí. A jọ tẹ àdírẹ́sì yẹn: "A kò rí ojú ewé yìí." A tún un tẹ̀, ibì kan náà ló já sí. Mo wá a lórí Google, mo wọnú ìkànnì ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ti tún ìkànnì wọn ṣe, ó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n gbogbo ìjábọ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe ti lọ. Àkọlé ìjábọ̀ náà nìkan ni mo rí, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé ìwé mìíràn tó tọ́ka sí i. Ìyá náà ká bébà rẹ̀ padà, ó ní "ẹ ṣé, ẹ ti gbìyànjú", ó sì jáde.

Látìgbà yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Àwa méjì péré la wà nílé ìkàwé wa, a ò sì ní ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dénú. Kí ni ilé ìkàwé kékeré lè ṣe? Ṣé òfin tiẹ̀ gbà pé ká fa ìwé ìjọba sílẹ̀ ká tọ́jú rẹ̀? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Àkájọ:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo lò nídìí ìwé ìjọba. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí kí ayélujára tó dé.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1813 ni ilé aṣòfin wọn ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìjókòó ilé ránṣẹ́ sí àwọn yunifásítì, kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ẹgbẹ́ onímọ̀ ìtàn. Ètò yẹn ló dàgbà di Federal Depository Library Program, tó ní ilé ìkàwé tó ju 1,000 lọ. Àwọn kan ń gba gbogbo ohun tí ìjọba bá tẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ títí láé. Àwọn tó kù ń yan èyí tó wúlò fún àwọn èèyàn àdúgbò wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 5 ó kéré tán. Ohun tí òfin fi lélẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́, ì báà jẹ́ inú yunifásítì aládàáni ni ilé ìkàwé náà wà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní 1946, wọ́n ń pín ìwé wọn fún ilé ìkàwé káàkiri ayé.

Ṣé o rí agbára tó wà níbẹ̀? Ìwé kan náà wà lórí pẹpẹ ní ọgọ́rùn-ún ìlú. Iná lè jó ilé kan, omi lè wọ òmíràn, òṣèlú kan lè jí lọ́jọ́ kan kó máa wò ó pé ìjábọ̀ kan ń dójú ti òun. Ta ló máa lọ kó gbogbo ẹ̀dà yẹn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan?

Nígbà tí ayélujára dé, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé sórí ìkànnì ara wọn, inú wa dùn, a ní pẹpẹ wa máa fúyẹ́. A gba líǹkì dípò ìwé. Mo wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́. Líǹkì kì í ṣe ìwé, àbúrò. Líǹkì ń sọ fún ọ pé ìwé wà nílé ẹlòmíràn ni, onílé sì lè kó ẹrù rẹ̀ nígbàkigbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá yẹn nìyẹn.

Ọmọ Gàsẹ́ẹ̀tì:
Ìyá wa ti sọ gbogbo rẹ̀. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe ìwé kéékèèké nìkan ló ń bá a lọ. Àwọn onímọ̀ òfin ní Harvard yẹ àwọn líǹkì tó wà nínú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà wò, wọ́n rí i pé ìdajì wọn, 50%, ni kò gbé òǹkàwé dé ohun tí adájọ́ tọ́ka sí mọ́. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù! Ilé ìkàwé òfin ti Harvard wá dá Perma.cc sílẹ̀ ní 2013. Tí o bá fún un ní líǹkì, á ya ẹ̀dà ojú ewé náà, á sì fún ọ ní líǹkì tuntun tí kò ní kú. Àwọn ilé ìkàwé ló ń gbé e ró.

Ní ti ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀, èyí ni mo ṣe nígbà témi náà dá wà. Má sọ pé o fẹ́ tọ́jú gbogbo ìwé ìjọba. Mú ilé iṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo, èyí tí àwọn èèyàn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ ń béèrè ìwé rẹ̀ jù. Lọ sórí ìkànnì wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ kan náà. Fa gbogbo PDF tuntun sílẹ̀. Fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí èèyàn lè kà: ọdún, oṣù, orúkọ ilé iṣẹ́, àkọlé. Má fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, mo ti rí ìjábọ̀ ọlọ́dọọdún tí wọ́n pè ní "final_final2_tuntun.pdf".

Ṣí Excel kan. Kọ àkọlé, ibi tí o ti rí i, ọjọ́ tí o fà á, àti nọ́ńbà SHA-256 rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Ohun èlò kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà á ka fáìlì náà látòkè délẹ̀, á sì fún ọ ní ìlà lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan. Tí ẹnikẹ́ni bá yí kọ́mà kan ṣoṣo padà nínú fáìlì yẹn, ìlà náà á yí padà pátápátá. Bí ọdún mẹ́wàá bá kọjá tí ẹnì kan ní "ìwé tẹ́ ẹ ní yìí kì í ṣe ojúlówó", wàá lè fi hàn án pé láti ọjọ́ tí o ti gbà á, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Àìdábọ̀:
Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ṣé iṣẹ́ yìí ò ti pọ̀ jù fún wa? Internet Archive wà níbẹ̀. Wọ́n ń ya ojú ewé ayélujára látọjọ́ tó ti pẹ́. Kí ló dé tí òṣìṣẹ́ méjì nílé ìkàwé kékeré á tún máa fa PDF lóṣooṣù?

Ìyá Àkájọ:
Àìdábọ̀, o ò ṣẹ̀ wá. Mo fẹ́ràn Internet Archive, mo sì máa ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n lo "Save Page Now" wọn, ibi tí èèyàn ti lè ní kí wọ́n ya ojú ewé kan pa mọ́. Ẹ lò ó lónìí kẹ́ ẹ tó sùn. Àmọ́ ní oṣù kẹwàá 2024, àwọn ọ̀daràn ayélujára kọlù wọ́n, ìkànnì náà sì ti pa fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ẹni tó gbójú lé wọn nìkan ò ní ibì kankan tó máa wò.

Èyí tó tún wà níbẹ̀: ìwé tó wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù, níbi tí èèyàn ti ní láti yan ọdún, yan àdúgbò, kó tó tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ tó ń ya ojú ewé kì í sábà dé ibẹ̀. Èèyàn ló máa jókòó fà á. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ wa létí, nítorí àwọn nọ́ńbà tó kan ìgbésí ayé aráàlú jù, àyẹ̀wò omi, ìjàǹbá ọkọ̀, owó tí wọ́n ná sórí ilé ìwé, irú ibẹ̀ ló kún sí.

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà bá fẹ́ ti àjọ kan pa, Yunifásítì North Texas ló máa ń gba ìkànnì rẹ̀ sílẹ̀. Láti 1997 ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n pe ibẹ̀ ní CyberCemetery, itẹ́ òkú ìkànnì. Àjọ náà lè ti kú, ìwé rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Láti 2008, ní gbogbo ìgbà tí sáà ààrẹ bá ń parí, àwọn ilé ìkàwé kan àti Internet Archive fúnra rẹ̀ máa ń pawọ́ pọ̀ ya ìkànnì ìjọba àpapọ̀ kí ẹni tuntun tó gbà á. Wọ́n pè é ní End of Term Web Archive. Ilé ìkàwé ilé aṣòfin, Library of Congress, wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí nípa rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni, títí kan òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kékeré, lè fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ pé "ẹ má gbàgbé ojú ewé yìí o". Ìwọ tó mọ ohun tí àwọn èèyàn rẹ ń béèrè, o mọ ojú ewé tí àwọn ẹni ńlá wọ̀nyẹn ò mọ̀ pé ó wà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Aṣọ́pẹpẹ:
Kí n ṣàlàyé bí ẹ̀dà púpọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, torí ibi tí mo wà nìyẹn. Ètò kan wà tó ń jẹ́ LOCKSS, Yunifásítì Stanford ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 1999. Ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan á ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tó kó ẹ̀dà ìwé kan náà sí. Lóòrèkóòrè, àwọn kọ̀ǹpútà yìí á máa bi ara wọn léèrè pé: "Báwo ni ẹ̀dà tìrẹ ṣe rí?" Bí ọ̀kan bá rí i pé tòun yàtọ̀ sí ti àwọn tó pọ̀, bóyá dísìkì ti ń bàjẹ́ tàbí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án, á gba ẹ̀dà tó péye lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ní Kánádà, àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan tó jẹ́ ti ìwé ìjọba nìkan ní 2012.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré ò nílò rẹ̀ báyìí. Ilé ìkàwé mẹ́ta tó wà ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kálukú ń fi háàdì dísìkì tọ́jú àkójọ kan náà, tí wọ́n sì ń fi nọ́ńbà SHA-256 wé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ti ṣe iṣẹ́ kan náà. Mo mọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn ò ní owó kankan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Wọ́n kọ àdéhùn sínú ojú ewé kan: ta ló ń tọ́jú kí ni, ta ló máa gbà á bí ẹnì kan bá kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ má fo ìlà tó kẹ́yìn yẹn. Àkójọ tó kú lójú mi, kì í ṣe dísìkì ló pa á. Òṣìṣẹ́ kan gba iṣẹ́ síbòmíràn, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé (password) sì bá a lọ.

Ajíkàwé:
Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ òfin ńkọ́? Ọ̀gá mi ní kí n má fa nǹkan kan títí mo fi máa mọ̀.

Ọmọ Gàsẹ́ẹ̀tì:
Ó yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, torí náà ọ̀gá rẹ ò jẹ̀bi. Ní Amẹ́ríkà, òfin sọ pé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ oníǹkan (copyright), gbogbo ayé ló ni ín. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Adé, ìyẹn ìjọba ọba wọn, ló ni ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n láti 2010 ni Open Government Licence ti gbà kí ẹnikẹ́ni lo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, tó bá ṣá ti sọ ibi tó ti rí i. Níbòmíràn, ìjọba lè ní ẹ̀tọ́ kó má sì sọ nǹkan kan. Wo ìsàlẹ̀ ìkànnì àti ẹ̀yìn ìwé náà. Bí o ò bá rí nǹkan kan, kọ ímeèlì kúkúrú sí wọn, béèrè, kó o sì tọ́jú èsì wọn sínú fódà kan náà pẹ̀lú ìwé.

Ó tún yẹ kó o wo bóyá òfin orílẹ̀-èdè rẹ ní kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, pè wọ́n. Ó lè jẹ́ pé ìwé náà wà nínú páálí kan níbẹ̀ tí wọn ò tíì kọ sí kátálọ́ọ̀gù.

Olóhùn Jẹ́jẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé pé èèyàn lè béèrè ohun tí kò sí lórí ìkànnì. Sweden ló kọ́kọ́ fi í sófin, ní 1766. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tiwọn ní 1966. Ní Nàìjíríà, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, ẹni tó ń béèrè ò sì ní láti sọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni.

Èmi máa ń bá àwọn èèyàn jókòó kọ lẹ́tà náà. Ẹni tó bá kọ pé "ẹ fún mi ní gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní nípa omi" máa dúró pẹ́, wọ́n sì lè kọ̀. Ẹni tó bá kọ àkọlé ìjábọ̀, ọdún rẹ̀, ojú ewé tí tábìlì náà wà, tó sì ní òun fẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, ìyẹn ṣòro láti yẹ̀ sílẹ̀. Ajíkàwé, o ní o rí àkọlé ìjábọ̀ náà níbòmíràn. Ohun tó o nílò láti kọ lẹ́tà tó lágbára nìyẹn.

Nígbà tí èsì bá sì dé, ẹ má jẹ́ kó parí sọ́wọ́ ẹni kan. Bí ẹni tó béèrè bá gbà, ẹ yọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ tọ́jú èsì náà. Ẹ tún wò ó dáadáa bóyá orúkọ aláìsàn, nọ́ńbà fóònù tàbí ọ̀rọ̀ ọmọdé wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ìwé tí ilé iṣẹ́ ìjọba fi ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ àwọn tó fi ẹjọ́ sùn, wọ́n kàn fi àwọ̀ dúdú bò ó lórí PDF. Tí o bá fi kọ́sọ̀ fa ọ̀rọ̀ náà, tí o dà á sínú ìwé mìíràn, gbogbo orúkọ ló jáde. A pè wọ́n lọ́jọ́ náà, a ò sì gbé e síta.

Adéríǹwé:
Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. A lè tọ́jú ìwé tán kí ẹni tó nílò rẹ̀ má rí i, torí ọ̀rọ̀ ìjọba àti ọ̀rọ̀ aráàlú ò jọra. Ìwé á ní "ìgbéléwọ̀n dídára omi mímu", ẹni tó wọlé á ní "omi wa ń rùn". Nínú àkójọ wa, a máa ń kọ gbólóhùn méjì sábẹ́ àkọlé kọ̀ọ̀kan, ní èdè tí àwọn èèyàn ń sọ: ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ìbéèrè tó lè dáhùn. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò béèrè rí, wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ báyìí.

A tún ní ẹgbẹ́ WhatsApp kan, àwa òṣìṣẹ́ láti ilé ìkàwé bíi méjìlá. Ẹnì kan mọ ìṣúná, ẹnì kan mọ àwòrán ilẹ̀, ẹnì kan mọ ìkànìyàn. Ìbéèrè tó bá ju agbára mi lọ, ibẹ̀ ni mo ń gbé e sí, kì í sì í tó ìrọ̀lẹ́ kí n tó gbọ́. Ajíkàwé, fi àkọlé ìjábọ̀ yẹn ránṣẹ́ síbí. Jẹ́ ká bá ọ wo pẹpẹ tiwa.

Ajíkàwé:
Mo ti kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mi lókè, pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.

Àìdábọ̀:
Ẹ gbọ́ o. Mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn wa lónìí. Páálí méjì wà níbẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí wa nígbà kan, okùn ṣì wà lára wọn. Ìjábọ̀ omi wà nínú èkejì. Kì í ṣe ti ọdún tí ìyá náà ń wá, ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni. Àmọ́ àdúgbò kan náà ni, tábìlì náà sì wà ní ojú ewé 31. Mo ti sikáànù rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì Ajíkàwé. Páálí yìí ti wà níbẹ̀ kí n tó débi iṣẹ́, mo ti gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Lọ́la ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó wà nínú méjèèjì sílẹ̀.

Ajíkàwé:
Ẹ̀gbọ́n Àìdábọ̀, Ọlọ́run á sàn yín lóore. Ó wọlé. Mo pe ìyá náà, ó ní kí n ka nọ́ńbà inú tábìlì náà fún òun lórí fóònù, mo kà á, ó ní kí n tún un kà kóun lè kọ ọ́. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá gba ẹ̀dà tirẹ̀, a ó sì jọ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà fún ti ọdún tó ń wá gan-an, bí Olóhùn Jẹ́jẹ́ ṣe ṣàlàyé. Ọ̀gá mi ti gbà kí n fi háàdì dísìkì kan bẹ̀rẹ̀. Fáìlì náà ti wà lórí rẹ̀, mo ti kọ SHA-256 rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku ẹni tó máa bá mi tọ́jú ẹ̀dà kejì.

Aṣọ́pẹpẹ:
Fi í ránṣẹ́ sí mi. Fi nọ́ńbà rẹ̀ kún un kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Adéríǹwé:
Ẹ̀kẹta wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti ń kọ gbólóhùn méjì tèmi sábẹ́ rẹ̀.